Kẹ̀kẹ́ Bàámi Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

                                        Ilé Bàámi,
                                        Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Awa-Ìjẹ̀bú.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2022.

Lará, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Gbénró ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi ọmọ kékeré yẹn sílẹ̀? Mo gbọ́ pé omi ọ̀sà kún dé ẹ̀yìnkùlé yín ní Òde-Omi lóṣù tó kọjá. Mo gbàdúrà pé kò wọ yàrá. Má bínú pé mi ò fèsì lẹ́tà rẹ méjèèjì. O ti gbọ́ pé Bàámi kú, ṣùgbọ́n o ò tíì gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹkún kì í jẹ́ kí n parí rẹ̀ lórí fóònù, ni mo fi mú bírò.

O mọ Bàámi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, gbogbo ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bẹ àwọn aláìsàn ìjọ wò, láti Awa títí dé Òrù. Nínú oṣù kẹta, irin kẹ̀kẹ́ náà dá sí méjì. Mùbàṣírù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òrù ní irin náà ti dípẹtà, kò ṣeé jó pọ̀ mọ́. Ó ní tòkunbọ̀ kan wà lọ́wọ́ òun tó lágbára, kí Bàámi máa gùn ún lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àlòkù ni Bàámi ń gùn, pé lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó lé rí ni wọn yóò gùn.

Mi ò fẹ́ kó gba ọwọ́ oníṣòwò kankan kọjá. Níbi iṣẹ́ mi, ní ilé ìkàwé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo wá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà gan-an rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nílẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n béèrè bí ẹni tó máa gùn ún ṣe ga tó àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó. Mo mú téèpù Màámi, Bàámi fara ti ògiri bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń wọn aṣọ fún, wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí wọn. Àwọ̀ ewé ni wọ́n yàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún wa. Ó di mẹ́wàá, ó tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi pẹ́, nígbà tó sì gúnlẹ̀ l'Ékòó, ìwé kan ṣáà ń kù lẹ́yìn òmíràn lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Bí mo bá ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọn á fi ọ̀yàyà ní kí n mú sùúrù. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀kadà ni Bàámi ń gùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù keje, òjò ti ba ọ̀nà Òrù jẹ́. Bí ọlọ́kadà ṣe ní kóun yẹ kòtò, ọ̀kadà yọ̀. Orúnkún ọlọ́kadà bó. Orí ni Bàámi fi gbalẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò ní ọsibítù, wọn ò lajú títí tí wọ́n fi kú. Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, Lará. Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n gba tòkunbọ̀ yẹn ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pè mí pé ẹrù mi dé. Mi ò lè tú páálí náà. Mo ti ń sá fún Mùbàṣírù, ọ̀nà ibòmíràn ni mò ń gbà, ṣùgbọ́n òun náà ló mọ̀ ọ́n tò. Ó jókòó sílẹ̀ lágbàlá wa, ó tò ó. Nígbà tó parí, mo ní èmi ni mo pa bàbá mi. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀.

“Adéfọlá, gbọ́. Nígbà tí ẹ ti retí rẹ̀ fún oṣù kan, mo tún gbé ti ọwọ́ mi wá bá wọn, mo ní kí wọ́n máa gùn ún ná. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń ra tuntun bọ̀ fún àwọn, àwọn á dúró dè é.”

Ó sọ ọ́ láti fi tù mí nínú ni. Ó tù mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wá mọ̀ báyìí pé torí wọ́n ń fi mí yangàn ni wọ́n fi dúró, mi ò sì mọ èwo ló wúwo jù, kíkọ̀ tí mo kọ̀ ni tàbí dídúró tí wọ́n dúró dè mí.

Mo fẹ́ ti kẹ̀kẹ́ náà mọ́lé. Màámi, tí wọn ò sunkún rárá láti ìgbà ìsìnkú, tí wọ́n kàn ń dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń wo àjà, ló sọ̀rọ̀ láti inú yàrá pé kí n gbé e fún Simeon, ọ̀dọ́kùnrin tí ìjọ yàn láti máa bẹ àwọn aláìsàn wò. Mo gbé e fún un lọ́jọ́rú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ níwájú ilé. Kí n tó dìde, Màámi ti bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Adéfọlá. Ẹ mà pẹ́ o.”

Simeon dúró, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Màámi wò ó títí. Lẹ́yìn náà Màámi jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì sunkún. Simeon fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó jókòó tì wọ́n. Kò ṣí Bíbélì tó mú wá. Mo lọ gbé omi kaná.

Bá mi kí Gbénró, kí o sì bá mi gbá ọmọ mọ́ra. Bí ilé-ìwé yín bá gba ìsinmi, wá. Màámi ti béèrè rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adéfọlá.