Wákàtí Méjì Ọjọ́ Jímọ̀

Bàbá mi ní Iléṣà,

Àárò yín ń sọ mí gan-an. Ara mi le. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ, kọ̀ǹpútà ni mo ń tẹ̀ báyìí ní Pápá Àjàó níbí. Jemilat yín ti di ọ̀gá, abẹ́ fáànù ni mo ń jókòó sí!

Kọ̀ǹpútà yìí ló ń ṣírò iye ọṣẹ tí wọ́n ń gé ní wákàtí kan. Lójoojúmọ́, ẹgbẹ̀rin ni. Tó bá di Jímọ̀, á já sí ẹgbẹ̀ta. Ni mánéjà bá ní ọ̀lẹ ni Lateefat àtàwọn tí a jọ wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, òun máa lé wọn. Inú bí mi! Nígbà tí ẹ̀ ń mọ búlọ́ọ̀kù, ṣebí ẹ máa ń yọ àsìkò ìrun kúrò kí ẹ tó sọ iye tí ẹ mọ ní wákàtí kan? Kọ̀ǹpútà ò yọ ọ́. Mo yọ wákàtí méjì ìrun Jímọ̀ kúrò nínú mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rin gẹ́lẹ́ ló jáde. Mánéjà wò ó títí, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Lateefat ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Òun ló ń bá mi fọ aṣọ báyìí.

Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní mò ń jẹun yó. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn, òun náà ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú lẹ́tà yìí ì bá gbà mí ní odindi ọjọ́ kan. Tòní ò ju wákàtí kan lọ.