Ìjọ Tí Bàbá Rẹ Dá Sílẹ̀ Nítorí Ojúọlá

Ọlámipọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé Èkó ò fi ìyà jẹ ọ́? Olúwa tó ń bọ́ ẹyẹ oko kò ní í gbàgbé tìrẹ. Igbógílà wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ wa ti tó ó wú, ewúrẹ́ wa ti bímọ, ara mi le, bàbá rẹ sì ti di bíṣọ́ọ̀bù.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí wa ló fà á. O mọ Ojúọlá, opó ará Ìwòyè-Kétu tó ń ta gààrí níwájú ilé wa. Bàbá rẹ lóun fẹ́ fi í ṣe ìyàwó kejì. Àlùfáà wa ní Áńgílíkà sọ fún un pé tó bá dán an wò, kò ní í jẹ ara Olúwa mọ́. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bí bàbá rẹ ṣe lọ bi obìnrin tó ń gbé inú fóònù pé ta ló dá Áńgílíkà sílẹ̀ gan-an. Obìnrin yẹn, tí mo máa ń kí láràárọ̀, tí mi ò ṣẹ̀ rí, ló bá tú gbogbo ẹ̀ síta: ó ní ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ló fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀ kó lè fẹ́ òmíràn, póòpù Róòmù ò gbà fún un, lọba bá gba ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ póòpù, ó fi ara rẹ̀ ṣe olórí. Bàbá rẹ fò sókè. Ó ní àṣé nítorí ìyàwó ni wọ́n ṣe dá ìjọ tó ń fi ìyàwó du òun sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó palẹ̀ yàrá tí a ń kó ẹ̀gẹ́ sí mọ́, ó gbé àga síbẹ̀, ó wọ gáùn tí o fi gboyè jáde, ó fi ara rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ojúọlá nìkan ni ìjọ. Mo sunkún, mi ò ní í parọ́ fún ọ, ọkọ mi ni.

Nígbà tí mo nujú tán, èmi náà kúnlẹ̀ kí obìnrin inú fóònù, mo bi í pé kí lèèyàn ń ṣe bí ṣọ́ọ̀ṣì bá bàjẹ́. Ó ní àlùfáà kan ní Jámánì kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ní ó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ làwọn Pùròtẹ́sítáńtì ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá kọ tèmi: ta ní ń fọ ṣòkòtò bíṣọ́ọ̀bù, ta ní ń fi òróró ra á lẹ́yìn lóru, ta ní ń dá oko rẹ̀ ro bó bá ń sùn? Mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gẹ́, mo yapa, mo dá ìjọ tèmi sílẹ̀ nílé ìdáná.

Ojúọlá ló kọ́kọ́ kà á. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ bóyá òun ni yóò máa ṣe gbogbo èyí. Bàbá rẹ ní kí ló tún kù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ojúọlá ti wá bá mi pé kí n gba òun síjọ.

Ó wá ku bàbá rẹ nìkan, òun ni bíṣọ́ọ̀bù, òun ni akọrin, ebi sì ń pa á. Ó ránṣẹ́ pé kí ìjọ méjèèjì padà di ọ̀kan. Mo ní kó kọ́kọ́ ri ara rẹ̀ bọ odò Yewa pátápátá báwọn Onítẹ̀bọmi ṣe ń ṣe, torí omi tí wọ́n wọ́n sí i lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ kò wọnú. Obìnrin inú fóònù ní Róòmù àtàwọn ará Gíríìkì jà lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àti lórí irú búrẹ́dì tí wọn yóò máa jẹ, ó ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún, wọn ò tíì parí ẹ̀. Kí bàbá rẹ ṣe sùúrù, tiwa ò tíì pé oṣù kan.

Jọ̀wọ́, fowó ránṣẹ́ kí n fi ra ìkòkò ńlá fún ìjọ mi. Bí o bá ń ti owó náà sínú fóònù, kékeré-kékeré ni kó jẹ́, kó má baà há lọ́nà. Olúwa yóò gbé ọ ga, yóò sì fún ọ ní ọkọ tí kò mọ fóònù bi léèrè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Olórí Ìjọ Ilé Ìdáná.