Ìlù Kan Tó Pẹ́ Díẹ̀

Olóòtú ètò rédíò wa, ṣé ó yẹ kí èèyàn tún àṣìṣe olóògbé ṣe? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ kú iṣẹ́ o; ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Èmi àti àbúrò mi ń gba orin mẹ́tàlì, orin gìtá aláriwo nì, sílẹ̀ nílé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlù oníná onírọ́bà tí àbúrò mi ń lù, inú íápíìsì tó wà létí rẹ̀ nìkan ló ti ń dún, òun kò sì lè gbọ́ ìpè ìrun. Ìyá wa á fọwọ́ kàn án léjìká: "Onílù rọ́bà, Alásárì ti tó o!"

Nínú orin ìkẹyìn, ìfọwọ́kàn yẹn mú kí ìlù kan pẹ́. Àbúrò mi kú lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mi ò tíì sunkún.

Kọ̀ǹpútà lè to ìlù tó pẹ́ yẹn sípò, orin á sì dára. Àmọ́ ọwọ́ ìyá wa á kúrò léjìká rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.