Ọ̀nà Wọ́rọkọ Tí Omi Kò Lè Bò

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ọ̀nà Wọ́rọkọ.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ara ńkọ́? Iṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun ńkọ́? A kú ewu ọmọ o! Ìyàwó rẹ ń jẹun dáadáa, ọmọ sì ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Imú rẹ ló gbé wá. Ọlọ́run á bá wa wò ó.

O ti gbọ́ lórí fóònù pé ó bí wẹ́rẹ́. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni ọ̀nà tí a gbà gbé e dé ọsibítù. Jókòó kí o tó kà á.

Ṣé o rántí bí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣe da Bàbá láàmú pé kí wọ́n pa ọ̀nà iwájú ilé wa rẹ́, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, torí pé títì tuntun ti gba àkùrọ̀ lọ gbọọrọ? Ẹ ní ọ̀nà ejò ni. Bàbá ní alárù ni àwọn baba òun. Nígbàkígbà tí odò bá kún, ibi tí omi bá gùn dé ni wọ́n ń ri òkúta mọ́lẹ̀, apá òkè àwọn òkúta náà ni wọ́n sì ń gbé ẹrù gbà. Bí omi ṣe yà ni ọ̀nà ṣe wọ́. Ọjà tẹ̀ lé ọ̀nà, ilé tẹ̀ lé ọjà, ó di ìlú. Ẹ fi í rẹ́rìn-ín, ẹ pè é ní Alágídí. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odò kún. Òwúrọ̀ tí ìyàwó rẹ ń rọbí, títì yín ti di odò. Orí ọkọ̀ akẹ́rù kan nìkan ló yọ láàárín rẹ̀. Awakọ̀ tó ń gbé wa lọ ọsibítù ṣì ń jiyàn pé òun á là á kọjá. Ìyàwó rẹ pariwo mọ́ ọn látẹ̀yìn: "Ẹ gba ọ̀nà Bàbá, jàre!" A yà sósì, a yà sọ́tùn-ún, omi ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta yẹn, kò kan táyà wa. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Nọ́ọ̀sì ní ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìlú ló ń gba iwájú ilé wa, oníbúrẹ́dì, ọlọ́kọ̀ epo, títí kan àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Bàbá gbé àga síta, ó ń dá ìkíni wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí mi wú, àbúrò! Mi ò ní pa òwe àgbà orí ìjókòó fún ọ. O mọ̀ ọ́n.

Màmá kí ọ, ìyàwó rẹ kí ọ, aládùúgbò wa kápẹ́ńtà náà kí ọ. Bàbá kò bínú rárá. Ó ní tí o bá ń bọ̀, kí o gba ọ̀nà tó bá wù ọ́, àmọ́ ọ̀nà tí ọmọ rẹ gbà wáyé ni òun á ti máa retí rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Àǹtí Aránṣọ.