Rédíò Tí O Fi Ránṣẹ́ Ti Sọ̀rọ̀ Tán

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wó lápá kan, ewúrẹ́ wa bí méjì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ṣì ń wúkọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, wàá mọ ìdí rẹ̀ tó o bá kà á síwájú.

Ọ̀rọ̀ rédíò tó o fi ránṣẹ́ ni, èyí tó o ní ohùn rẹ wà nínú rẹ̀, pé tí àárò rẹ bá ń sọ mí, kí n tẹ bọ́tìnnì pupa. Oṣù méje rèé tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Màá wẹ̀, màá wọṣọ tó dáa, màá jókòó síwájú rẹ̀. Wàá ní ẹ káàárọ̀ màmá, èmi náà á ní káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé o jí dáadáa. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo tẹ̀ ẹ́, tó o ṣì ń kí mi káàárọ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé bóyá ilẹ̀ kì í tètè ṣú lọ́dọ̀ yín. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé tó o bá ti ní mo máa wá, rédíò náà á pa kẹ́kẹ́. Ojoojúmọ́, ibẹ̀ náà ló ń dákẹ́ sí. Mo rò pé ọjọ́ lo fẹ́ dá fún mi, ni mo bá fi aṣọ dì í, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wáyà tó ń tún rédíò ṣe.

Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì níbẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbùkù. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́, mo kọ ọ́ pé orúnkún ọ̀tún ń ro mí, mo sì máa ń tètè bínú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún kìlọ̀ fún Bàbá Wáyà pé tí ọmọ mi bá kí i, kó má dáhùn lórúkọ mi.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Àwọn mẹ́rin jókòó lórí bẹ́ǹṣì, sípíkà tí wọ́n ti tú wà nílẹ̀ káàkiri. Bàbá Wáyà ní mẹ́mórì inú rẹ̀, tí kò ju èékánná lọ, ló ń há níbì kan, òun ti da ohùn náà sórí tuntun. Ó wá rọra sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo lo ká síbẹ̀. Ìyẹn ni pé láti oṣù méje, àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ń dáhùn. Ojú tì mí, àmọ́ mo ní kó tẹ̀ ẹ́.

O ní o máa wá nígbà tí àyè bá yọ. Ó jọ pé o gbàgbé láti pa ẹ̀rọ tó o fi ká ohùn rẹ, torí gbogbo wa gbọ́ bó o ṣe ń sọ fún ìyàwó rẹ pé ó tán, kí ẹ fi ránṣẹ́, bóyá màmá á jẹ́ kí ẹ sinmi, pé tí mo bá tún pè, kó ní o ò sí nílé. Ìyàwó rẹ ní kò dáa bẹ́ẹ̀. O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bàbá rẹ gẹ́lẹ́.

Kò sẹ́ni tó wo ojú mi nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Wáyà kọ̀, kò gbowó. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé ẹni tí kò bá mi tan ló ń ṣàánú mi nítorí rẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá mẹ́mórì àtijọ́ padà sínú rẹ̀, ó sì dá a padà. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́ síbi tó máa ń dákẹ́ sí. Àmọ́ mo ti mọ èyí tó kù.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú. Má fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Tó o bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kọ ọ́ sínú ìwé, kó lè jẹ́ èmi nìkan ni màá kà á. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó, àwọn ọmọ rẹ á sì máa fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.