Kí Aago Márùn-ún Ọjọ́ Ẹtì Tó Lù

Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Òwìwí dá ìwé ìdánwò padà lónìí. Òwìwí — ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́. Méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ méjìléláàádọ́ta, mo sì rò nígbà yẹn pé kò lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún kejì bẹ̀rẹ̀ ni mo sọ kẹ́mísírì yìí ní Ẹkùn, mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹni tí kò bá borí Ẹkùn, kó má wulẹ̀ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ká ìwé náà títí ó fi kéré, mo fi sínú bàtà mi, mo sì ń rìn lórí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ ìdí.

Màmá pè. "Dókítà mi, ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni. Ó ní ẹ̀kọ́ ńkọ́, mo ní ó ń lọ. Lóòótọ́ ló ń lọ — ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi lọ.

Ìṣẹ́gun, 8

Mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 10

Láàbù. Ìgò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́, omi inú rẹ̀ ṣàn dé ẹsẹ̀ Tobin, ẹni tí a jọ ń lo tábìlì kan. Kò bínú. Ó gbá àfọ́kù ìgò náà kúrò nílẹ̀, ó sọ fún olùkọ́ pé òun lòun fọwọ́ tì í.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun yọwọ́ nínú Ẹkùn lọ́dún tó kọjá, òun fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kó tó parí, kí òun tó padà wá. Lẹ́tà W kan ni wọ́n kọ sí i nínú ìwé èsì. Ó ní W ò sọ pé o fìdí rẹmi, pé o jáde ló sọ.

Dókítà ni bàbá rẹ̀, dókítà ni ìyá rẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ nílé. Ó ronú títí. Ó ní òun ò rántí.

Kò rántí! Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá yọwọ́ ní aago mẹ́wàá, kó tó di aago méjìlá wọ́n á ti máa sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ epo mọ́tò ní ìlú wa. Nílé tiwọn, kò sẹ́ni tó ń dúró dè é.

Àìkú, 13

Wọ́n dárúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá pè kó tó bọ́ aṣọ ìsìn rẹ̀. Ó ní Dókítà Hensley dìde, ó ní kí gbogbo ìjọ gbàdúrà fún "Maralee tiwa", pé òun ò ní ti kíníìkì òun pa títí n ó fi wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá ń sunkún ayọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ wa pa, Hensley nìkan ni dókítà ní àárín àwọn òkè wa. Òun ló gbẹ̀bí mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé: ọdún tó kù níbí, ọdún mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún mẹ́ta lábẹ́ àwọn àgbà dókítà. Bí ohunkóhun ò bá yẹ̀, á ti pé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún kí n tó dé.

Kò jọ pé ẹnì kankan ṣírò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 16

Mo lọ bá Ìyá Fáìlì, olùdámọ̀ràn wa. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ẹṣin tó fẹ́ já sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀kùn àtiyọwọ́ máa tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí Ẹkùn bá fún mi ni màá gbà. Bí mo bá sì yọwọ́, ó di ìgbà ìwọ́wé ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun gbogbo á fi ọdún kan sún. Ọdún mẹ́rin péré sì ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mi.

Mo bi í bóyá ó rò pé mo ṣì lè yege. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ rí." Mo ní sí ẹni mélòó. Ó ní òun ò ní parọ́ fún mi, wọn ò pọ̀.

Àbámẹ́ta, 19

Kí n yọwọ́ (láàárọ̀). Kí n má yọwọ́ (lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán). Mo fọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣẹ́gun, 22

Màmá àgbà ṣubú ní ilé ìdáná. Kò ṣẹ́ léegun. Màmá ní kí n má wá, kí n jókòó ti ìwé mi. Mo ń lọ.

Ẹtì, 25

Wákàtí mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì. Ìdajì ojú Màmá àgbà ti dúdú bí èso àjàrà. Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣubú. "Èmi ò lọ bá ilẹ̀ o. Ilẹ̀ ló wá bá mi." Ó fún mi ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ gidi àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ní òòyì ti ń kọ́ òun láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí òun bá ti dìde ni ojú á ṣókùnkùn. Mo ní kó jẹ́ kí n wo àwọn oògùn rẹ̀. Wọ́n wà lójú fèrèsé. Méjì jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Orúkọ ara wọn yàtọ̀. Mo ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo tún un kà, mo mú wọn lọ sí ìta nínú oòrùn, mo tún un kà.

Oògùn kan náà ni. Ìgò kan ń jẹ́ orúkọ tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́, èkejì ń jẹ́ orúkọ oògùn gan-an. Ọ̀kan wá láti ilé oògùn ìlú, èkejì gba ọ̀nà póòsì wá, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ó sì ń lo méjèèjì láràárọ̀, bí wọ́n ṣe ní kó lò ó.

Orúkọ Hensley ló wà lára ìgò méjèèjì.

Màmá ní kí n rọra o, kí n má pariwo, ọkùnrin yẹn ló gbé mi jáde láti inú òun. Mo ní mi ò ní pariwo. Mo fi ìgò méjèèjì sápò.

Àbámẹ́ta, 26

Mo dúró ní kíníìkì títí aláìsàn tó kẹ́yìn fi jáde. Bí mo ṣe wọlé, Dókítà Hensley dì mọ́ mi, ó ní ọdún wo ni mo máa parí. Mo sọ fún un. Mo gbé ìgò méjèèjì síwájú rẹ̀.

Ó wọ awò ojú. Ó bọ́ awò. Ó gbé àwọn ìgò náà sún mọ́ ojú.

"Èmi ni mo kọ méjèèjì," ló sọ, bí ẹni tí wọ́n pè wá dá òkú mọ̀.

Kò wí àwíjàre kankan. Lójú mi ló pe Màmá àgbà, ó sọ èyí tó máa fi sílẹ̀ fún un, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ajé. Ó pe ilé oògùn náà. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Mo rò pé ó ti tán. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọdún wo lo ní o máa parí?"

Mo tún sọ ọ́ fún un. Mi ò dárúkọ Ẹkùn.

Àìkú, 27

Nínú bọ́ọ̀sì. Bí mo bá yọwọ́, ọdún kan ló máa fi kún un tí bírò tó fi ń kọ oògùn á wà lọ́wọ́ Dókítà Hensley. Bí mi ò bá yọwọ́, tí Ẹkùn sì pa mí jẹ, kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ láéláé. Ọ̀nà méjèèjì, nítorí mi ló ṣe ń mú un dání.

Ìgò mélòó ló tún wà lójú fèrèsé àwọn ẹlòmíì?

Ìṣẹ́gun, 29

Mo kan ilẹ̀kùn Òwìwí. Ìgbà àkọ́kọ́. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí n ya nǹkan mẹ́ta sójú pátákó. Mo ya ọ̀kan dáadáa. Mo ya ìdajì èkejì. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta.

Ó wo pátákó náà. Ó ní ohun tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́, mi ò há a sórí. Ohun tí mi ò mọ̀ ti pọ̀ ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù lọ. "Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni ẹ́, màá ní kí o jáde, kí o sì padà wá." Kò rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn, ẹnì kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 31

Àwọn ọmọdé àdúgbò wá tọrọ súìtì ní ilé ibùgbé wa, wọ́n wọ aṣọ iwin, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ òní lọ́dọọdún. Ọ̀kan wọ aṣọ dókítà. Mo fún un ní ẹ̀kúnwọ́, mo sáré padà sí yàrá.

Mo pe Dókítà Hensley lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo sọ ti Ẹkùn fún un: máàkì méjèèjì, ọjọ́ ọ̀la, ọdún kan tó máa sún. Ìyẹn rọrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣòro. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé kí n má bàa sá.

"Ẹ má dúró dè mí mọ́, sà."

Ó ní, "Láti ìgbà ìrúwé ni mo ti mọ̀ pé orí mi ń tàn mí jẹ, mò ń gbàgbé nǹkan. Ìwọ ni mo fi ṣe àwáwí, Maralee. Bí mo bá ti ní ìwọ ni mò ń dúró dè, kò sẹ́ni tó máa ní kí n lọ sílé. Ẹ̀rù ilé ń bà mí." Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún méje sẹ́yìn.

Mo sọ fún un pé èmi náà ń fi í ṣe àwáwí, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ǹ bá ti yọwọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó bi mí bóyá iṣẹ́ náà ṣì wù mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Nígbà náà, kọ́ ọ dáadáa. Má kánjú nítorí arúgbó." Ó wá ní bí òun bá yí ohùn padà lọ́la, kí n rán òun létí ohun tí òun sọ lónìí.

Ẹtì, 1 Oṣù Kọkànlá

Aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ilé ìkàwé. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó tún bi mí.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo rò pé ẹ̀rù náà máa lọ. Kò lọ. Mo pe Màmá. Ó wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ilé àwọn arúgbó tó ti ń dáná. Mo sọ ọ́ tán. Ó ní, "Mo gbọ́." Ó ní òun ti pẹ́. Ó gé fóònù náà.

Àbámẹ́ta, 2

Màmá ò pè.

Àìkú, 3

Ó pè ní aago kan ọ̀sán. Ó ní Dókítà Hensley tún dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú ìwé lọ́wọ́, ó kà á. Ó sọ ti ìgò méjèèjì lójú gbogbo ìjọ, kò dárúkọ Màmá àgbà. Ó ní kí gbogbo ẹni tí òun kọ oògùn fún lọ́dún yìí kó oògùn wọn lọ sí ilé oògùn ìlú láti ọ̀la, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ìparí oṣù yìí lòun máa ti kíníìkì.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Tackett, tí àìsàn ọkàn ń ṣe, bi í láti ìjókòó rẹ̀ pé ta ló máa wá máa wo àwọn. Dókítà tó wà nítòsí jù, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, bí yìnyín ò bá sí lójú ọ̀nà. Hensley ní òun ò mọ̀. Ni gbogbo ojú bá yí sí Màmá.

Mo bi í pé kí ló ṣe.

Ó ní òun dìde. Màmá, tí kì í lè ka Bíbélì sókè nítorí ìtìjú. Ó ní òun sọ pé, "Ọmọ mi ṣì ń bọ̀. Kò ní tètè dé. Ẹ má jókòó dè é, ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíì." Ó sì jókòó.

Mo bi í bóyá inú ń bí i sí mi. Ó ní rárá, ẹ̀rù ló ń ba òun, láti ọjọ́ Ẹtì ni, ìyẹn lòun ò fi pè. Ó ń rò ó pé bí ọkàn Màmá àgbà bá dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Kìíní, ojú ọ̀nà wo làwọn máa gbà.

Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Mò ń gbọ́ omi tó ń hó lórí ààrò wọn, àti Màmá àgbà tó ń béèrè pé ta nìyẹn lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó gé e nínú àwa méjèèjì.