Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Ẹnikẹ́ni

Ojúlé Kejìlá, Áfẹ́níù Karùn-ún,
Festac, Èkó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 2024.

Basheerah mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí Alùfáà ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle, kí ooru Ìlọrin má sì dà yín láàmú jù. Màmá wa ń bẹ níbí, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n bá wọn kí ọ. Èmi náà ń bẹ. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ara mi.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti pè ọ́ láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, àlàáfíà àwọn ọmọ ni mo máa ń béèrè, a ó sì dágbére. Mo wá pinnu pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà rí ọ̀nà sá.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ Làtífátù, o dì mọ́ mi lẹ́yìn ilé ìyá yín níbí, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. O ní, "Kíkẹ́, o ṣe ju ọmọ ìyá lọ. Ẹ̀yin lẹ sáré ẹ̀jẹ̀ kiri fún àbúrò mi." Mo jẹ́ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn kò tọ́ sí mi. Basheerah, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó tètè dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ kò tètè dé, èmi ni mo sì fà á. Jọ̀ọ́, ka ìyókù kí o tó ju ìwé yìí nù.

O mọ Bàbá Olúgbóyèga tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tí ìyàwó wọn kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀, wọ́n kó orúkọ àwọn ará Festac, Amúwo àti Kuje tó gbà láti máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ jọ, wọ́n sì kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà wọn. Bí ilé ìwòsàn bá nílò irú ẹ̀jẹ̀ kan, ètò náà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹni tó ní irú rẹ̀. Èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Pẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ ọ́. Fún nǹkan bí ogún ọdún, kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Làtífátù náà forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, O nẹ́gátíìfù ni, irú rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ni ín sì lè gbà bó bá kan òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi fún àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí, kó tó di pé ó lóyún.

Nígbà tí ọdún yìí wọlé, ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn ò lè tẹ kọ̀ǹpútà pẹ́ mọ́, wọ́n sì ní kí n gba iṣẹ́ náà. Pẹ́ẹ̀lì kò yé mi púpọ̀. Páítọ̀n ni èdè tí èmi ń lò. Ó wù mí kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n ibi tí Pẹ́ẹ̀lì ti ń darí ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ díjú, Bàbá sì ní kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀, pé ó ti mọ gbogbo ìwà ẹ̀rọ yẹn. A wá fẹnu kò sí i pé kí n fi Páítọ̀n kọ ti iwájú, ìyẹn ojú ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì á ti máa tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Tó bá wá ku kí iṣẹ́ náà lọ, Páítọ̀n tèmi á pe Pẹ́ẹ̀lì ti Bàbá láti inú, á kó àwọn nọ́ńbà fóònù lé e lọ́wọ́, ìyẹn á sì fi wọ́n ránṣẹ́. Èdè kan á máa ṣiṣẹ́ nínú èdè kejì. Kì í ṣe nǹkan àrà, àwọn oníṣẹ́ wa ń ṣe é lójoojúmọ́.

Bàbá kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí o bá rán níṣẹ́, dúró kó padà wá jábọ̀ fún ọ. Má rò pé ó ti débẹ̀ torí pé o ò rí i mọ́." Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Mi ò gbọ́. Pẹ́ẹ̀lì àtijọ́ yẹn lẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló ń tú ìkìlọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà, pé nǹkan báyìí ti gbó, pé nǹkan tọ̀hún kò bágbà mu mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò já mọ́ nǹkan kan, ó sì sú mi. Mo kọ ìlà kan ṣoṣo, pé ohunkóhun tó bá fẹ́ wí, kí Páítọ̀n dà á nù, kó má fi hàn mí. Mi ò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó bi í bóyá iṣẹ́ yọrí. Bó bá ti pè é tán báyìí, "A ti ránṣẹ́" ló ń kọ. Mo fi nọ́ńbà tèmi dán an wò, àtẹ̀jíṣẹ́ dé, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n 234 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tèmi. Ti àwọn yòókù, òdo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́. Bí Páítọ̀n ṣe ń kó wọn fún Pẹ́ẹ̀lì, ó kà wọ́n sí iye lásán, iye kì í sì í ní òdo níwájú, ló bá gé òdo gbogbo wọn sọnù. Mi ò mọ̀, torí mi ò dán ti ẹnì kankan wò nínú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Làtífátù bímọ. Ọmọ wá sáyé láàárọ̀, ó ké, gbogbo wa yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ilé ìwòsàn ní àpò kan ṣoṣo nílẹ̀, wọ́n fà á sí i lára, wọ́n sì rán awakọ̀ lọ wá òmíràn. Nọ́ọ̀sì Bernice tẹ ohun tí wọ́n ń wá sójú ìwé tí mo kọ, nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní ó ti lọ, èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Èmi ni mo jáde lọ sọ fún Jamal, ọkọ rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Wọ́n ń bọ̀."

A jókòó, a ń wo ẹnu ọ̀nà. Wákàtí kan kọjá, ẹnì kankan ò yọjú. Mo ń sọ fún Jamal pé bóyá wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, bóyá wọn ò tíì wo fóònù. Basheerah, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan péré pé kí n yẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi wò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, Bàbá pè mí láti béèrè iye èèyàn tó ti dé. Mo ní kò tíì sí. Wọ́n ní irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n sì pa fóònù. Wọ́n mú ìwé àtijọ́ tí wọ́n kọ orúkọ sí, wọ́n ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lilian tó ń ránṣọ ní Kuje ló kọ́kọ́ wọlé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Káyọ̀dé gun ọ̀kadà wá láti Trade Fair. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì ti ń fa ti Káyọ̀dé lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ṣì wà lápá rẹ̀, nígbà tí a gbọ́ igbe Jamal láti inú yàrá.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni mo ṣí iṣẹ́ náà. Mo yọ ìlà kan ṣoṣo tí mo fi pa Pẹ́ẹ̀lì lẹ́nu mọ́, mo sì ní kó tún iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà yìí kò pé, mi ò lè ránṣẹ́. Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn. Ó ń pariwo, èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ.

Mo bi dókítà bóyá wákàtí kan àbọ̀ yẹn ì bá gbà á là. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ, pé ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ jù. Mi ò kọ èyí láti fi gbèjà ara mi. Mo kọ ọ́ torí ó tọ́ kí o mọ gbogbo ohun tí mo mọ̀.

Bàbá kò bá mi jà. Wọ́n ka ìlà yẹn, wọ́n sì bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní àwọn náà jẹ̀bi, pé ó yẹ káwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Lọ sọ fún àwọn tó lòkú." Ó lé lóṣù kan sí òní. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń bi mí, gbogbo ọjọ́ ni mo ń ní ó dọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la parí àtúnṣe. Báyìí, Páítọ̀n kì í sọ pé a ti ránṣẹ́ àfi tí Pẹ́ẹ̀lì bá jábọ̀ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì kùnà, fóònù Bàbá àti tèmi á dún. A fi orúkọ àwọn mẹ́jọ yẹn dán an wò ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Mo kọ ọ́ sínú ti iwájú pé ìdánwò ni, àmọ́ Pẹ́ẹ̀lì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó máa ń kọ, ìyẹn ló sì fi ránṣẹ́. Bàbá ní láti pe àwọn èèyàn náà káàkiri pé kí wọ́n má wá. A gbàgbé pé ẹnì kan nínú àwọn mẹ́jọ náà ni Làtífátù.

Jamal ló pè mí. Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀ gan-an. Ó ní, "Àǹtí Kíkẹ́, mẹ́sééjì wọlé sórí fóònù ìyàwó mi, wọ́n ní kó wá fi ẹ̀jẹ̀ ran ẹnì kan lọ́wọ́." Mo ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n dúró. Ó ní, "Fóònù yìí wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn látàárọ̀. Ẹ ní wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ yẹn. Kí ló dé tí tọjọ́ yẹn ò wọlé?" Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ sọ fún Àǹtí Basheerah fúnra yín. Èmi ò lè gbé e dé ẹnu." Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí, ilé ìwòsàn kan náà wá ẹ̀jẹ̀ fún ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láàárín ìdajì wákàtí, èèyàn mẹ́rin ti dé. Obìnrin náà yè. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kí mi. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá níbi tí ẹnì kankan ò ti lè gbọ́ mi, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá fẹ́ kí n wá sí Ìlọrin, kí n wá wí i lójú rẹ, ọjọ́ tí o bá dá ni màá wọkọ̀. Bí o bá sì ní o ò fẹ́ rí mi mọ́, màá gbà. Màmá Jamal ń tọ́jú ọmọ náà dáadáa. Ọláídé ti ń di ìka mú, iwájú orí rẹ̀ sì dà bíi tìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Kí Ọlọ́run kẹ́ Làtífátù, kó tẹ́ ẹ sí ibi ìrọ̀rùn. Kí Ó dá ọmọ tó fi sílẹ̀ sí, kí Ó tu ìyá yín nínú, kí Ó sì fún ìwọ náà lágbára láti gbé ohun tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Kíkẹ́lọmọ.

Mo tún rántí: Múrítàlá tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà létí ilé ìyá yín níbí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà. Ọdún yìí ló forúkọ sílẹ̀, torí náà kò sí nínú ìwé Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n ń pe àwọn èèyàn. Lánàá ni mo lọ ra mílíìkì fún Ọláídé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìdánwò bá òun ní Ọjọ́bọ̀, òun ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, òun sì ti dé géètì ilé ìwòsàn kí Bàbá tó pe òun pé kí òun padà. Mo bi í bó ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Ó ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bi í pé níbo ló wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Làtífátù bímọ. Ó ní ibẹ̀ yẹn náà lòun wà, nínú ṣọ́ọ̀bù òun, látàárọ̀.